Aṣọ Funfun Nínú Sàlẹ́ńsà

Aṣọ funfun ni Ẹnjiníà Adéṣọlá gbé kalẹ̀ sórí tábìlì mi láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó gùn tó apá èèyàn, omi sì ń kán lára rẹ̀ sórí ìwé tí mo ń kọ lọ́wọ́.

"Inú sàlẹ́ńsà ọkọ̀ wa ni mo ti fà á yọ," ni ó wí. "Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi dí i ni, mà. Ẹni tó ṣe é fẹ́ ba iṣẹ́ wa jẹ́."

Mo ní kí ó jókòó, kò jókòó. Bí inú bá ń bí àwọn ọmọ ìwòyí, àga a máa di èèwọ̀ fún wọn.

Ìsípẹ́kítọ̀ Títílọpẹ́ Adéyẹyè ni orúkọ mi. Ó ku oṣù mẹ́wàá kí n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ti gbàgbé mi sí àgọ́ Òrè yìí bí ẹni gbàgbé agbòòrùn sílé onílé. Ọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ni wọ́n máa ń kó fún mi. N kì í kọ̀ ọ́. Bí èèyàn bá ń dá gbé, ọ̀ràn a máa bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Ta ni kò mọ ọkọ̀ tí à ń wí ní Òrè? Oṣù méjì sẹ́yìn ni ilé-iṣẹ́ Adéṣọlá gbé e wá fún ìdánwò, ọkọ̀ akópàǹtí gàgàrà kan tí kì í mu epo dísù. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní háídrójìn ni wọ́n ń rọ sínú àwọn àgbá tó wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn á pàdé èyí tí à ń mí sínú, iná mànàmáná á jáde níbẹ̀, iná yẹn ló sì ń yí táyà. Kò ní èéfín. Omi nìkan ló ń jáde láti sàlẹ́ńsà rẹ̀. Kò sì ní ariwo, nítorí náà ni àwọn ará ìlú fi sọ ọ́ ní Adákẹ́rìn. Àwọn obìnrin adúgbò máa ń ráhùn pé kí àwọn tó gbé pàǹtí jáde, ó ti kọjá lọ.

Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta léra wọn ni Adákẹ́rìn kú sójú ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, awakọ̀ pa á, ó tún un tàn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, tí í ṣe àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ó kú lójijì níbi tó ti fẹ́ wọ ọ̀nà márosẹ̀. Tírélà kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn tẹ bíréèkì títí, síbẹ̀ ó kàn án. Àzíìz, ọkùnrin tó máa ń dúró sẹ́yìn ọkọ̀ láti da pàǹtí sínú rẹ̀, jábọ́ sórí ọ̀dà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

"Bí omi kò bá rí ọ̀nà jáde," ni Adéṣọlá ṣàlàyé, "á padà sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á sì pa ara rẹ̀ kó má baà bàjẹ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ ni mo fi aṣọ yìí hàn ní yáàdì tí à ń gbé ọkọ̀ sí. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀."

Sájẹ́ǹtì Gbémiga yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Madam, a ti mú un. Hàbíb mẹkáníìkì ni."

"Ta ló rí i?"

"Kò sẹ́ni tó rí i, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ. Ó ti ń bú ọkọ̀ náà láti ọjọ́ tó ti dé. Ó ní kò ní jẹ ọdún. Ọ̀gá àgọ́ ní tó bá di aago méjìlá ọ̀la, ká gbé e lọ sí kóòtù ní Òkìtìpupa."

Mo wo aago. Ó lé díẹ̀ ní mọ́kànlá. Mo mọ bí nǹkan ṣe ń rí. Bí òtòṣì bá ti dé kóòtù lọ́jọ́ Ẹtì, ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n, àti oṣù mélòó kan kí ẹnìkan tó tún bi í ní ìbéèrè. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Hàbíb ní, èmi nìkan ló sì ní.

*

Ẹni ọgọ́ta ọdún ni Hàbíb, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì, ó kẹ̀yìn sí ike omi tí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ jọ ń bù.

"Ẹ sọ pé ọkọ̀ náà kò ní jẹ ọdún," ni mo wí.

"Mo sọ ọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tún ọkọ̀ akópàǹtí ìlú yìí ṣe. Bí èyí ṣe dé, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé kò sí ohun tí mo mọ̀ nínú rẹ̀. Inú bí mi, mo sọ̀rọ̀. Ṣé ẹni tí inú bí ti di ọ̀daràn ni?"

Ẹnu òrofó ló ń pa òrofó. N kò sọ ọ́ síta. Mo mú áńkáṣíìfù funfun mi jáde, mo nà án sí i. "Ẹ bá mi ṣẹ́ ẹ po."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ó sì ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, ó dá a padà. Àmì ìka rẹ̀ hàn lára rẹ̀ ní dúdú, márààrún. Ọgbọ̀n ọdún dísù kì í bá ọṣẹ lọ. Mo tẹ́ aṣọ inú sàlẹ́ńsà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún Gbémiga wò. Ó funfun nini.

"Ó lè jẹ́ pé ó wọ ìbọ̀wọ́, Madam."

"Mẹkáníìkì Òrè wo lo mọ̀ tó ní ìbọ̀wọ́?"

Gbémiga ká aṣọ méjèèjì, ó kó wọn fún mi. Ó mọ̀ pé ọ̀gá àgọ́ kò ní tìtorí áńkáṣíìfù dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Èmi náà mọ̀.

Hàbíb ní, "Ẹ lọ bi ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣọ́ géètì yáàdì yẹn, Bàbá Ọlọ́rundáre. Ọ̀sán gbogbo la jọ ń jẹun. Ó mọ̀ pé n kì í sún mọ́ ọkọ̀ yẹn." Ó wo ẹ̀yìn mi. "Ṣé kò tíì wá ni?"

"Kò tíì wá."

"Á wá," ni ó wí, ṣùgbọ́n kò wò mí mọ́.

Kí n tó kúrò, mo ní kí ó bu omi mu. Ó mi orí. Ó ní òun ti rí ohun tí àwọn èèyàn ń fi ike yẹn ṣe, òun kò lè mu ún. Mo ní kí Gbémiga ra píọ̀ wọ́tà fún un. Gbémiga ní òun ti gbọ́. Ọ̀tọ̀ ni kí Gbémiga gbọ́, ọ̀tọ̀ ni kó ṣe é.

*

Mo gbé aṣọ náà lọ sílé nírọ̀lẹ́. Mo se ẹ̀wà, mo sì tún sè é pọ̀ jù. Ọdún mẹ́fà rèé tí ọkọ mi ti kú, síbẹ̀ ẹni méjì ni ọwọ́ mi ń bu oúnjẹ fún. Fẹ́mi ọmọ mi wà ní Kánádà, ọjọ́ ìbí mi nìkan ló máa ń pè mí. Bí mo ṣe ń rọ èyí tó ṣẹ́kù sínú abọ́ ni mo gbọ́ òórùn kan.

Láti ara aṣọ náà ni. Ó ti gbẹ díẹ̀, òórùn tó mú sínú sì ń jáde. Tùràrí ni. Ilé àdúrà àwọn aláṣọ funfun ni ọkọ mi dàgbà sí, òórùn yẹn kì í kúrò nínú aṣọ rẹ̀, mo sì máa ń ṣàròyé nígbà ayé rẹ̀. Mo di aṣọ ẹni ẹlẹ́ni mú nímú bí wèrè, mo sì sunkún díẹ̀. N kò ní pa á mọ́. Lẹ́yìn náà mo nu ojú mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí ọlọ́pàá.

Ẹni tó fẹ́ ba ọkọ̀ jẹ́ á fi àkísà dí i, tàbí amọ̀, tàbí èyíkéyìí tó bá rí nílẹ̀. Kò ní fi aṣọ àdúrà dí i. Aṣọ àdúrà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣe ibi. Àpá eyín sì wà létí rẹ̀, eyín ni wọ́n fi fà á ya, kì í ṣe ọ̀bẹ, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kejì di nǹkan mìíràn mú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo wá ni? Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó ní ìkà lọ́kàn kì í yan ọjọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ìsìn ló ń yan ọjọ́.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́jọ kò tíì lù tí mo fi dé yáàdì. Ojú ọ̀nà Agbabu ló wà. Adákẹ́rìn dúró láàárín yáàdì, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Eli awakọ̀ ń fọ gíláàsì rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní rìn lọ́jọ́ náà.

"Eli, ìwọ náà ń lọ sí ilé àdúrà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n a kì í wọ aṣọ funfun ní ìjọ tiwa, a kì í sì í sun tùràrí." Ó ti rí ibi tí mo ń lọ. Ara rẹ̀ kò balẹ̀.

"Ta ló wà nídìí ọkọ̀ láàárọ̀ àná kí ẹ tó gbéra?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"O kò kúrò níbẹ̀?"

"Rárá o. Bí mo ṣe tàn án ni mo gbéra."

Mo yọ ìwé kékeré tí Adéṣọlá kọ fún mi. Ọkọ̀ yẹn máa ń kọ gbogbo ìrìn rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sàn ju àwọn ọlọ́pàá mi lọ. "O tàn án ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gbéra nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago méje lù. Ibo lo wà fún gbogbo àkókò yẹn?"

Ó fi aṣọ ìnuǹkan sílẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Ẹnjiníà. Ọkọ̀ dísù ni mo fi kọ́ṣẹ́. A kì í tan ọkọ̀ ńlá láàárọ̀ ká gbéra lójú ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnnì ní láti gbóná. Ẹnjiníà ní èyí kò nílò rẹ̀. Ara mi ni kò gbà. Mo máa ń tàn án sílẹ̀, màá lọ jẹ àkàrà ní oríta."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́, mà."

"Ta ló mọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àfi Bàbá tó ń ṣí géètì fún mi."

Mo yíjú sí ilé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Fèrèsé rẹ̀ ṣí, ẹnìkan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wò wá. Nígbà tí mo wò ó, kò sá.

*

Bàbá Ọlọ́rundáre ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó kí mi dáadáa, ó nu àpótí fún mi, ó sì na píọ̀ wọ́tà kan sí mi kí n tó jókòó. Mo dúpẹ́. Mo wo yàrá náà. Àpótí méjì, abọ́ méjì tí wọ́n dojú wọn dé. Fóònù àtijọ́ kan tí wọ́n so mọ́ iná. Korobá omi kànga wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọ̀dà sì tàn yẹ́ẹ́ lójú rẹ̀, ó ń dán bí òróró. Ní apá ibẹ̀ yẹn, ọ̀dà abẹ́ ilẹ̀ kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di ọlọ́rọ̀, omi wọn nìkan ló ti bà jẹ́.

Kẹ́ẹ̀gì kékeré kan wà ní kọ̀rọ̀, ó dá wà lórí pákó, wọ́n fi aṣọ bo orí rẹ̀, rọ́bà tín-ín-rín kan tí wọ́n fi ń fa omi sì ká sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Sùtánà funfun kan rọ̀ sára ìṣó lókè rẹ̀. Etí rẹ̀ nísàlẹ̀ rí jákujàku. Ó yẹ kó gùn dé kókósẹ̀ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n agbára káká ni yóò fi bo orúnkún rẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ mu nínú omi kẹ́ẹ̀gì yẹn."

"Píọ̀ wọ́tà ló tutù, ìyáàfin."

"Ti kẹ́ẹ̀gì ni mo fẹ́."

Ó jókòó sórí àpótí kejì.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́," ni mo wí. "Bí Eli bá ti lọ jẹ àkàrà ní Ọjọ́bọ̀, ẹ ó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sídìí Adákẹ́rìn. Ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu kẹ́ẹ̀gì lọ, nítorí náà ẹ ó ti rọ́bà bọ̀ ọ́. Ooru omi á máa sá gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà jáde, ẹ ó fi eyín fa etí sùtánà yín ya, ẹ ó fi dí i yíká. Omi á máa kán. Tí ẹ bá gbúròó Eli, ẹ ó fa rọ́bà yọ kíákíá, aṣọ á sì há sínú. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, ó jábọ́ sójú ọ̀nà lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti kú. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò jábọ́. Ẹ kò fẹ́ ba nǹkan kan jẹ́. Omi lẹ fẹ́."

Ó sorí kọ́. Èdè Ìkálẹ̀ ló fi dá mi lóhùn, wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ti pẹ́ tó ní Òrè láti gbọ́ ọ.

Ó ní ọmọ òun ni. Tófúnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún òun. Ọdún keje rèé tó gba ọ̀nà Líbíà lọ. Ohùn rẹ̀ ìkẹyìn ṣì wà nínú fóònù yẹn, ó ní, "Bàbá mi, ẹ máa gbàdúrà, a fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi." Òun sì ń gbà á. Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gbé omi lọ síwájú pẹpẹ ní ilé àdúrà àwọn, omi tí wọn yóò gbàdúrà sí, tí wọn yóò sì bù wọ́n orí fọ́tò ẹni tó wà lájò.

"Ọdún méje, ìyáàfin. Tí mo bá ti gbé tèmi kalẹ̀, màá rí ọ̀dà lójú rẹ̀. Ìyá Àdúrà ní kò burú, Ọlọ́run ń wo ọkàn. Ṣùgbọ́n omi àwọn yòókù mọ́, ọmọ àwọn yòókù sì ń padà wálé. Òjò ńkọ́? Páànù mi ti dípẹtà. Píọ̀ wọ́tà ńkọ́? Ta ló mọ kànga tí wọ́n ti bù ú? Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ yìí dé, Ẹnjiníà yẹn gbé kọ́ọ̀bù sídìí rẹ̀, ó mu ún lójú gbogbo wa, ó ní kò sí nǹkan kan nínú omi yìí àfi omi. Mo ní ha! Èmi ni wọ́n rán an sí. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo ń gbà á, nítorí ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ omi."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé aṣọ yín ló pa ọkọ̀ náà?"

"Àárọ̀ àná, nígbà tí Ẹnjiníà gbé e sókè. Mo fẹ́ sọ. Ẹnu mi kò yà. Wọ́n wá mú Hàbíb lójú mi." Ó bo ojú. "Kẹ́ẹ̀gì náà kù díẹ̀ kó kún. Mo ní tó bá di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, tí mo bá ti gbé e dé pẹpẹ, màá wá jẹ́wọ́."

"Hàbíb kò ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, Bàbá."

"Mo mọ̀. Àná, n kò lè jẹun. Mo bu oúnjẹ sínú abọ́ méjèèjì, mo sì jókòó."

Mo pe Adéṣọlá lórí fóònù, mo sọ ohun gbogbo fún un. Ó ní kí n tún un sọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìbá kàn béèrè, mà. Ojoojúmọ́ là ń dà á sílẹ̀." N kò sọ ìyẹn fún bàbá náà. Ẹni tó ti dá gbé fún ọdún méje kì í rántí pé èèyàn lè béèrè.

*

Ó wọ bàtà, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà dání, èmi sì mú sùtánà náà. N kò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Aago mọ́kànlá àbọ̀ la dé àgọ́. Ọkọ̀ Òkìtìpupa ti ń dúró níta. Ọ̀gá àgọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó wo sùtánà, ó wo aṣọ tó bá a mu, ó bú mi díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé.

Wọ́n mú Hàbíb jáde. Bàbá Ọlọ́rundáre dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹni tí òun fi ọdún mẹ́wàá jù lọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ìkankan sílẹ̀. Hàbíb ń wò ó. Ètè rẹ̀ ti bó. Gbémiga, bí mo ṣe rò, kò ra omi kankan.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí," ni Hàbíb wí nígbẹ̀yìn. Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn.

Bàbá Ọlọ́rundáre dìde. Ó wo kẹ́ẹ̀gì náà. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ọmọrí rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ pé kó fi sílẹ̀, pé màá rán èèyàn lọ ra omi. Ó ti ṣí i. Ó gbé e sókè sí ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, Hàbíb sì mu, ó mu títí, omi ń ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀ àti sílẹ̀ẹ́lẹ̀ àgọ́ wa tí a kì í gbá.

"Kò ní adùn kankan," ni Hàbíb wí nígbà tó mí.

"Ó mọ́ ni," ni bàbá náà dáhùn.

Ó fi èyí tó kù fọ ojú àti ọwọ́ Hàbíb. Lẹ́yìn náà ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà lé mi lọ́wọ́ fún ẹ̀rí, ó sì rìn wọ inú sẹ́ẹ̀lì tí Hàbíb ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan darí rẹ̀. Ẹsẹ̀ Àzíìz kì í ṣe eré, ó ní láti dáhùn fún un.

Mo padà sí tábìlì mi láti kọ̀wé. Nígbà tí mo gbójú sókè, Hàbíb ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì tó dojú kọ sẹ́ẹ̀lì.

"Ẹ lè máa lọ sílé," ni mo wí. "A ti dá yín sílẹ̀."

"Mo gbọ́, ìyáàfin." Kò dìde. "Ọ̀sán ti pọ́n. Àwa méjèèjì la máa ń jẹun lọ́sàn-án."

Mo ṣí àpò mi, mo gbé abọ́ ẹ̀wà tí mo sè jù jáde. Mo gbé e fún wọn pẹ̀lú ṣíbí méjì, mo sì jáde lọ dúró lójú ọ̀nà. Mo yọ fóònù mi. Kì í ṣe ọjọ́ ìbí mi, síbẹ̀ mo pe Fẹ́mi.